Fẹ́mi Òṣófisan

Babáfẹ́mi Adéyẹmí Òṣófisan (tí a bí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1946), tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Fẹ́mi Òṣófisan, jẹ́ òǹkọ̀wé eré oníṣe, akéwì, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, akọ̀ròyìn àti ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ eré oníṣe láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Eré oníṣe tí ó ti kọ lé ní àádọ́ta. Ó wà lára ìgbìmọ̀ olóòtú àkọ́kọ́ tí ìwé ìròyìn The Guardian ní nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1983. Ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà National Theatre ní Ìgànmú láti ọdún 2000 sí 2004. Okinba Launko ni orúkọ tí ó fi ń kọ ewì àti díẹ̀ nínú ìtàn àròsọ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ máa ń ka Òṣófisan mọ́ ìran kejì àwọn òǹkọ̀wé eré oníṣe Nàìjíríà tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, èyíinì ni ìran tí ó tẹ̀lé ti Wọlé Ṣóyínká àti J.P. Clark. Ohun tí ó ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé kì í sábà dá ẹjọ́ tán lórí ìtàgé. Ó máa ń gbé ọ̀ràn ìlú kalẹ̀, yóò jẹ́ kí tọ̀tún-tòsì sọ tẹnu wọn, yóò sì fi ìdájọ́ lé òǹwòran lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn ológun fi ṣe ìjọba ní Nàìjíríà láàárín 1966 sí 1999. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, bíbi ará ìlú léèrè pé kí ni ó rò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán.

Ìbí àti ìgbà èwe

A bí Òṣófisan ní Ẹ̀rúnwọ̀n, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ọwọ́ ìyá àti àwọn ẹbí ni ó sì ti dàgbà. Ó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wọ Government College ní Ìbàdàn, ilé-ìwé kan náà tí Wọlé Ṣóyínká ti kọ́kọ́ kàwé ṣáájú rẹ̀.

Ìbàdàn tí ó bá lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ìlú tí eré oníṣe ti ń gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1959. Ẹgbẹ́ Mbari, tí ó kó àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán jọ, dìde níbẹ̀ ní 1961. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnká bíi ti Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ ń gbé eré wọn láti ìlú dé ìlú. Àwọn wọ̀nyí fi orin, ìlù, ijó àti àwàdà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú, èdè Yorùbá ni wọ́n sì ń lò. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Òṣófisan padà yàn fún eré tirẹ̀, orin àti ijó àwọn alárìnká kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, Dakar àti Paris

Ní ọdún 1966, ọdún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gbàjọba, Òṣófisan wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Faransé. Apá kan ẹ̀kọ́ náà gbé e dé Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1969, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Paris fún ẹ̀kọ́ síwájú sí i. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti padà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1974. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí orírun eré oníṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: bí ó ṣe ti inú àwọn àṣà àbáláyé jáde, tí ó sì di eré ìgbàlódé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé.

Ẹ̀kọ́ Faransé yìí hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ó jẹ́ kí ó mọ lítíréṣọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé ṣàkóso, ó sì jẹ́ kí ó lè gbé eré láti ilẹ̀ mìíràn wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Midnight Hotel, bí àpẹẹrẹ, ni ó fa tu láti inú àwàdà òǹkọ̀wé Faransé Georges Feydeau, tí ó sì sọ di ẹ̀fẹ̀ lórí àwọn olóṣèlú Nàìjíríà.

Ní àwọn ọdún 1970, Òṣófisan wà lára àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tí wọ́n gbà pé lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ gbèjà òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Bíọ́dún Jéyìífò àti Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òṣófisan tún ṣe olóòtú ìwé ewì kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Opon Ifa. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún kọ́ni ní Yunifásítì Benin àti Yunifásítì Ifẹ̀.

Àwọn eré àkọ́kọ́

Ní ọdún 1975 ni ìtàn àròsọ rẹ̀ Kolera Kolej jáde, ìwé ẹlẹ́yà nípa yunifásítì kan tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí ìjọba sì fún un ní òmìnira kí ó má baà kó àrùn ran ìyókù orílẹ̀-èdè. Eré rẹ̀ A Restless Run of Locusts, tí ó dá lórí ìjà àwọn olóṣèlú, jáde ní ọdún kan náà.

The Chattering and the Song, tí ó jáde ní 1977, ni ó sọ ọ́ di òǹkọ̀wé tí a kò lè fojú fò dá. Nínú eré náà, àwọn ọ̀rẹ́ kan péjọ nítorí ìgbéyàwó Sontri àti Yajin. Láti fi dá ara wọn lára yá, wọ́n ṣe eré inú eré, èyí tí ó gbé wọn lọ sí ààfin Ọ̀yọ́ ní ìgbà Aláàfin Abíọ́dún. Ìtàn tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé sọ pé ìjọba Abíọ́dún jẹ́ ìgbà ìdẹ̀ra lẹ́yìn ìwà ìkà Baṣọ̀run Gáà. Òṣófisan yí i padà: Latoye, ọmọ Gáà, ni ó dìde gẹ́gẹ́ bí ọlọ̀tẹ̀ tí ń bèèrè pé ta ni ó ń jẹ ọrọ̀ ilẹ̀ náà. Bí eré inú eré ti ń lọ ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà fi ara rẹ̀ hàn ní ọlọ́pàá inú, ó sì mú Sontri. Ẹni tí ó mú kọ́ ni olórí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń wá. Leje, tí gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀mùtí lásán, ni olórí náà.

Who's Afraid of Solarin? (1978) jẹ́ àwàdà. Òṣófisan mú un láti inú eré òǹkọ̀wé Rọ́ṣíà Nikolai Gogol nípa àwọn aláṣẹ ìlú kékeré kan tí ẹ̀rù olùbẹ̀wò ń bà. Nínú ti Òṣófisan, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́ pé kọmíṣọ́nnà tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú ń bọ̀, olè sì wà nínú ọkàn olúkúlùkù wọn. Táí Ṣólàrín, olùkọ́ àti alátakò ìwà ìbàjẹ́ tí ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ti di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú lóòótọ́ ní ìdajì àwọn ọdún 1970. Orúkọ ènìyàn tí ó wà láàyè ni òǹkọ̀wé fi ṣe àkọlé eré, bí ìgbà tí akọ̀ròyìn bá fi orúkọ ẹni sí àkọlé ìròyìn.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó ti ń ṣí kúrò ní Erékùṣù lọ sí agbègbè ilé iṣẹ́ tí ó na ara rẹ̀ láti Ìkẹjà dé Agége, Orẹ́gùn àti Ìsọlọ̀. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba ẹkùn náà ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1950. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aṣọ, táyà, ọtí àti oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ dúró lórí rẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé náà nílò ohun tí àwọn yòókù ń wá: ilẹ̀ tí ó gba ẹ̀rọ ńlá, títì tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà, àti ọ̀nà tí ó já sí pápákọ̀ òfuurufú. Daily Times wà ní Agídíngbì. Concord, tí M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní 1980, wà ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. The Punch wà ní Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Agége. Newswatch, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, wà ní Orẹ́gùn. The Guardian, tí Alex Ibru dá sílẹ̀ ní 1983, fìdí kalẹ̀ sí Rutam House ní Ìsọlọ̀, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá.

Lábẹ́ àkóso Stanley Macebuh, The Guardian kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ láti yunifásítì wá sínú ilé ìtẹ̀wé. Òṣófisan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ olóòtú yàtọ̀ sí ti akọ̀ròyìn tí ń wá ìròyìn káàkiri ìlú. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà máa ń jókòó yí tábìlì ká láti jiyàn lórí ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀: owó epo, ìdìbò, ìdásẹ́sílẹ̀, òfin tuntun. Nígbà tí wọ́n bá fẹnu kò, ẹnìkan yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ohùn ilé iṣẹ́ ni yóò jẹ́. Fún òǹkọ̀wé tí ó ti mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí èrò rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì.

Àsìkò náà le. Ní òpin ọdún 1983 ni àwọn ológun tún gbàjọba. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Òfin Kẹrin jáde, èyí tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ ohunkóhun tí ó bá lè sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni ẹ̀gàn. Àwọn akọ̀ròyìn The Guardian méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin náà mú. Wọ́n rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì bu ìtanràn ₦50,000 lé ilé iṣẹ́ náà. Ìjọba tí ó tẹ̀lé e fagi lé òfin náà ní 1985, ṣùgbọ́n títi ìwé ìròyìn pa kò dópin. Ní 1994, lábẹ́ Ọ̀gágun Sani Abacha, ìjọba ti Concord, The Punch àti The Guardian pa fún ìgbà pípẹ́.

Òṣófisan kò fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn rọ́pò iṣẹ́ ìtàgé. Ó ń bá a lọ láti kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, ó sì tún lo ojú ewé wọn fún ìtàn àròsọ. Maami àti Cordelia, tí ó kọ pẹ̀lú orúkọ Okinba Launko, kọ́kọ́ jáde díẹ̀ díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó di ìwé. Ẹni tí kò lè wọ gbọ̀ngàn eré ní yunifásítì lè ra ìwé ìròyìn ní ibùdókọ̀.

Ìdájọ́ lọ́wọ́ òǹwòran

Ìlànà tí a fi mọ Òṣófisan jùlọ hàn kedere nínú Once Upon Four Robbers, eré tí a tẹ̀ jáde ní 1980. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun ṣe òfin ní 1970 pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn tí ẹjọ́ dá lẹ́bi ní gbangba ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, ọ̀pọ̀ èrò sì máa ń wá wò ó. Ikú olè di ìran wíwò. Òṣófisan mú ìran náà, ó sì gbé e sórí ìtàgé.

Eré náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń pa àlọ́. Wọ́n ti yìnbọn pa olórí àwọn adigunjalè kan. Àwọn mẹ́rin tí ó kù, tí opó olórí náà wà lára wọn, pàdé Ààfáà kan tí ó fún wọn ní agbára orin. Bí wọ́n bá kọ ọ́, gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ yóò máa jó títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ó kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ ja tálákà lólè, wọn kò sì gbọdọ̀ pa ènìyàn. Wọ́n kọrin ní ọjà, wọ́n sì kó owó. Àmọ́ àwọn sójà tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ọjà náà jí nínú owó náà, àwọn oníṣòwò fúnra wọn sì ń fi ọ̀wọ́n gógó pa ará ìlú lẹ́kún. Ní ìparí, a so àwọn olè mọ́ igi, a gbé ìbọn sókè, eré sì dúró gbọnrangandan. Ààfáà kọjú sí àwọn òǹwòran ó sì bi wọ́n pé kí a yìnbọn ni, tàbí kí a má yìn ín? Ohun tí àwọn tí ó jókòó bá yàn ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn òṣèré yóò fi parí eré.

Ìbéèrè náà kì í ṣe bóyá olè jíjà dára. Òṣófisan kò gbè lẹ́yìn olè. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé nínú ìlú tí ẹni tí ń ṣọ́ ọjà ń jalè, tí ẹni tí ń tajà ń jalè, kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó mú ìbọn dání nìkan ni a ń pè ní olè? Òǹwòran tí ó bá dìbò pé kí wọ́n yìnbọn ní láti rí ìbọn náà tí ó ń dún.

Ó tún lo ọgbọ́n kan náà nínú Esu and the Vagabond Minstrels. Èṣù fún àwọn olórin márùn-ún tí ebi ń pa ní agbára láti wo ẹnìkan ṣoṣo sàn, pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tí wọ́n bá ṣàánú yóò san án fún wọn. Àwọn mẹ́rin yan ẹni tí ó lówó tàbí tí ó nípò. Ọmẹlẹ nìkan ni ó lo tirẹ̀ fún ẹni tí kò ní ohunkóhun, ó sì tún ṣàánú tọkọtaya adẹ́tẹ̀ pẹ̀lú ewu ara rẹ̀. Nígbà tí àsìkò ẹ̀san dé, a tún kọjú ìbéèrè sí àwọn òǹwòran.

Nínú ìwé ìròyìn, ìgbìmọ̀ olóòtú máa ń sọ fún òǹkàwé ohun tí ó tọ́. Nínú eré Òṣófisan, gbọ̀ngàn eré ni ó di ìgbìmọ̀ náà: àwọn tí ó jókòó ni yóò jiyàn, àwọn ni yóò sì fẹnu kò.

Morountodun àti ìjà Àgbẹ́kọ̀yà

Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn àti àwọn ibòmíràn ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kọ̀ láti san owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Iye tí ìjọba ń san lórí kòkó kéré, àwọn akódà ń fìyà jẹ ènìyàn, títì abúlé kò sì dára. Ìjà náà, tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, gba ẹ̀mí púpọ̀. Ní 1969 àwọn àgbẹ̀ ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ìjọba dín owó orí kù.

Morountodun, tí a tẹ̀ jáde ní 1982, so ìjà yìí mọ́ ìtàn Mọremí. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, Mọremí jẹ́ kí àwọn ọ̀tá kó òun lẹ́rú kí ó lè mọ àṣírí wọn, kí ó sì gba Ifẹ̀ là. Nínú eré náà, Titubi, ọmọ obìnrin olówó kan tí ó jẹ́ olórí àwọn oníṣòwò, fẹ́ di Mọremí tuntun: yóò wọ inú àwọn àgbẹ̀ ọlọ̀tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí amí, yóò sì fi olórí wọn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé láàárín wọn, tí ó tọ́jú ọgbẹ́ wọn, tí ó rí ìyà tí ń jẹ àwọn obìnrin abúlé, ojú rẹ̀ là. Ó wá rí i pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí Mọremí ṣiṣẹ́ fún, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ó yẹ kí òun ṣiṣẹ́ fún. Òṣófisan kò ba ìtàn Mọremí jẹ́. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bèèrè ni ó bèèrè: ta ni akọni náà gbà là, ta sì ni ó san owó rẹ̀? Eré yìí gba ẹ̀bùn Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà (ANA).

Èsì sí àwọn àgbà

Òṣófisan máa ń fi eré dá òǹkọ̀wé mìíràn lóhùn. No More the Wasted Breed jẹ́ èsì sí The Strong Breed ti Wọlé Ṣóyínká, eré tí ẹnìkan ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìlú lórí. Ní ti Òṣófisan, kò yẹ kí ó jẹ́ pé ẹni tí kò ní olùgbèjà ni yóò máa kú kí ìlú lè rójú. Another Raft (1988) dá The Raft ti J.P. Clark lóhùn. Nínú eré Clark, àwọn ọkùnrin tí ó wà lórí pákó ń ṣègbé lórí omi. Nínú ti Òṣófisan, ìrètí wà bí wọ́n bá lè tukọ̀ pọ̀.

Èsì wọ̀nyí kì í ṣe ìjà. Òṣófisan ni ó kọ ìtàn ìgbésí ayé J.P. Clark tí ó jáde ní 2011. Ìyàtọ̀ èrò wọn dá lórí ohun tí a ń fi ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe. Ògún ni òrìṣà tí ó jẹ́ òpó fún èrò Ṣóyínká nípa eré. Ọ̀rúnmìlà àti Èṣù ni Òṣófisan yàn ní tirẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni ìjọsìn bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: Ọ̀rúnmìlà fún ọgbọ́n àti ìmọ̀, Èṣù fún oríta níbi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà.

Iṣẹ́ ní òkè òkun

Ní ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà wà nínú wàhálà ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí ìjọba ológun fagi lé, Òṣófisan wà ní Yunifásítì Emory ní Atlanta, Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ó ti gbé Tegonni: An African Antigone jáde lórí ìtàgé. Ó mú eré Gíríìkì àtijọ́ ti Sophocles wá sí ìlú Yorùbá kan ní ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀. Ọmọ ọba Tegonni fẹ́ sin òkú arákùnrin rẹ̀ tí gómìnà òyìnbó ní kí a má sin. Antigone ti ilẹ̀ Gíríìkì fúnra rẹ̀ wọlé sórí ìtàgé láti bá a sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì sì rí i pé ọ̀ràn kan náà ni ó kan wọn. Ní 1997, ilé ìṣeré Guthrie ní Minneapolis gbé Many Colours Make the Thunder-King jáde, eré tí ó dá lórí ìtàn Ṣàngó.

Women of Owu wáyé nígbà tí ilé ìṣeré Chipping Norton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ Òṣófisan ní eré láti inú The Trojan Women ti Euripides. Wọ́n ṣe é ní 2004, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2006. Òṣófisan gbé ìtàn náà lọ sí Òwu, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti àwọn asáwọ̀ Ọ̀yọ́ pa run ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn obìnrin tí ó ṣẹ́kù jókòó sí ìta odi ìlú tí ń jóná, wọ́n ń retí ẹni tí yóò kó wọn lẹ́rú. Àwọn aṣẹ́gun sọ pé òmìnira ni àwọn gbé wá. Ọdún 2003 ni ogun Ìráàkì bẹ̀rẹ̀, òǹwòran ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì nílò àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ Yorùbá tún gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀: àwọn tí ó pa Òwu run kì í ṣe àjèjì. Òṣófisan, tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, kò yọ Ìjẹ̀bú kúrò nínú ẹ̀bi náà.

National Theatre, Ìgànmú

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, a yan Òṣófisan ní ọ̀gá àgbà National Theatre ní Ìgànmú, Èkó. Ó wà níbẹ̀ láti 2000 sí 2004. Nítorí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977, ni ìjọba ológun ṣe kọ́ ilé náà, gbọ̀ngàn rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ sì lè gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ eré lórí ìwà àwọn aláṣẹ wá di aláṣẹ fúnra rẹ̀ nínú ilé tí owó ìjọba ń gbé ró. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ ilé náà ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká.

Okinba Launko

Minted Coins, tí ó jáde ní 1987, ni àkójọ ewì àkọ́kọ́ tí Òṣófisan gbé jáde pẹ̀lú orúkọ Okinba Launko. Ewì ìfẹ́, ti ọ̀rẹ́ àti ti ìrìnàjò pọ̀ nínú iṣẹ́ Launko, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti eré rẹ̀ lọ.

Nínú ìtàn àròsọ Launko, Maami ni ó tàn kálẹ̀ jùlọ. Ó jẹ́ ìtàn ìyá tálákà kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 2011, Fúnkẹ́ Akíndélé ni ó sì ṣe ìyá náà. Báyìí ni ìtàn tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé ìròyìn ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ka ìwé ìròyìn rí, pẹ̀lú èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn òṣèré.

Ọ̀rọ̀ èdè

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Òṣófisan fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú orin inú wọn wà ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn nínú ìwé. Ó ń lo àlọ́, oríkì, àrọ̀ àti ẹsẹ Ifá. Àwọn alámèyítọ́ ti jiyàn lórí èyí. Àwọn kan bèèrè pé báwo ni eré tí ó ní òun wà fún àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ṣe lè máa sọ èdè tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́. Òmíràn sì wí pé Òṣófisan mọ àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀gá sójà, àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn tàbí tí yóò bọ́ sí i lọ́la, ẹ̀rí ọkàn wọn ni ó sì fẹ́ jí. Àwọn òǹkàwé The Guardian ní ìgbà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí wọn. Ní ọdún 1997, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ̀rọ̀ lórí bí eré oníṣe ṣe lè wà láàyè lábẹ́ ìjọba tí ń fi ẹ̀rù ṣàkóso. Orúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, Playing Dangerously, túmọ̀ sí ṣíṣe eré pẹ̀lú ewu.

Àwọn oyè àti ẹ̀bùn

Òṣófisan jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ANA ní ìparí àwọn ọdún 1980, ipò tí Chinua Achebe ti kọ́kọ́ dì mú. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ Nigerian National Order of Merit ní 2004. Ó fẹ̀yìn tì kúrò ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 2011, nígbà tí ó pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ní 2016, àjọ àgbáyé àwọn alámèyítọ́ eré oníṣe fún un ní ẹ̀bùn Thalia, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ní yunifásítì Nàìjíríà ṣì ń ṣe àwọn eré rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kà wọ́n nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Nínú Once Upon Four Robbers, àwọn òṣèré ní láti kọ́ ìparí méjèèjì sórí kí wọ́n tó bọ́ sórí ìtàgé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí àwọn òǹwòran ọjọ́ náà yóò yàn.